Ohun Tó Wà Lẹ́yìn Ẹ̀fà Ju Èje Lọ: Ọ̀rọ̀ Nípa Àwọn Ère Gíríìkì Tó Wà ní London

1. Ẹ̀yin tèmi, ẹ gbọ́ ná. Àwọn ère òkúta mábù Gíríìkì tí ẹ ń ya fọ́tò níwájú wọn ní British Museum yẹn, wọn ò funfun báyẹn nígbà tí wọ́n ṣe wọ́n. Ẹrú wà lára àwọn tó kọ́lé lórí òkè tí wọ́n ti kó wọn wá. Ayùn ni wọ́n sì fi rẹ́ ẹ̀yìn òmíràn nínú wọn kó tó lè wọ ọkọ̀ ojú omi. Ẹ jókòó, okùn ọ̀rọ̀ yìí gùn. 🧵

2. Kí ló fa èyí? Fídíò kan ń lọ káàkiri lọ́sẹ̀ yìí. Ọmọbìnrin kan dúró síwájú àwọn ère Parthenon ní London, ó ní ọpẹ́lọpẹ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó bá àwọn Gíríìkì tọ́jú ẹ̀, wọn ì bá ti bà á jẹ́. Mo wo ohun tí àwọn èèyàn ń sọ lábẹ́ ẹ̀. Àwọn ọmọ wa ló kún ibẹ̀: "Òótọ́ ni jàre. Àwa náà ò lè tọ́jú tiwa. Ẹ jẹ́ kó wà lọ́dọ̀ wọn." Inú mi ru.

3. Kí n tó bú ẹnikẹ́ni, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ bú ara mi. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe fídíò, èmi náà ṣe irú ẹ̀. Mo da ohun tí mùsíọ́mù kọ sórí ìkànnì wọn kọ, mo sọ ọ́ di Yorùbá, mo fi ohùn dídùn kà á. Ẹnì kan wá bi mí lábẹ́ ẹ̀ pé, "Ẹ̀gbọ́n, báwo ló ṣe dé ọ̀dọ̀ wọn?" N ò mọ̀ ọ́n. Mo fi ẹ̀rín lásán dá a lóhùn. Okùn ọ̀rọ̀ yìí ni gbèsè ìdáhùn tí mo jẹ ẹ́.

4. Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ sọ: àkọlé kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ère ní mùsíọ́mù, ìdajì ọ̀rọ̀ ni. Á sọ orúkọ ère, ọdún tí wọ́n ṣe é, ibi tó ti wá, àti ohun tí wọ́n fi ṣe é. Kí n má purọ́ mọ́ wọn, àlàyé tó gùn wà lórí ìkànnì wọn, ní ohùn tiwọn. Àmọ́ mélòó nínú wa ló ń kà á débẹ̀? Àkọlé yẹn là ń kà, òun là ń sọ kiri. Ìdajì tó kù sì ni ọ̀rọ̀ gan-an. Àwọn àgbà ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.

5. Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀rẹ̀. Parthenon jẹ́ tẹ́ńpìlì òrìṣà obìnrin kan tó ń jẹ́ Athena, lórí òkè Acropolis ní ìlú Athens. Ọdún 447 ṣáájú ìbí Jésù ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ, wọ́n parí ẹ̀ ní 432. Pericles ni olórí òṣèlú tó wà nídìí iṣẹ́ náà, Phidias ló ń darí àwọn agbẹ́gilére. Ẹ jọ̀ọ́, agbẹ́kúta ni kí n sọ. Ère kún iwájú òrùlé, ó kún ẹ̀yìn, ó tún yí ògiri inú po ní nǹkan bí mítà 160.

6. Ohun àkọ́kọ́ tí wọn ò sọ fún wa: ÀWỌ̀. Àwọn Gíríìkì máa ń kun ère wọn ni. Pupa, búlúù, wúrà, gbogbo ẹ̀. Ní 2009, onímọ̀ kan tó ń jẹ́ Giovanni Verri fi ìmọ́lẹ̀ tí ojú lásán ò lè rí wo àwọn ère Parthenon tó wà ní London. Ó rí búlúù Íjíbítì lára bẹ́líìtì Iris, obìnrin tó ń jíṣẹ́ fún àwọn òrìṣà. Ní 2023, òun àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ tún gbé ìwádìí mìíràn jáde: àwọ̀ wà lára púpọ̀ nínú wọn, aṣọ àwọn kan tiẹ̀ ní bátànì tí wọ́n yà sí i.

7. Ẹ rò ó wò. Ère tó wọ aṣọ aláràbarà bí ẹni ń lọ òde ìyàwó, òun la wá ń wò lónìí tó funfun báláú, tí wọ́n sọ fún wa pé "ẹwà òótọ́ nìyí."

8. Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Ọ̀kan lára wọn ni Johann Joachim Winckelmann, ará Jámánì. Ní 1764, ó kọ ọ́ sínú ìwé pé bí ara tó lẹ́wà bá ṣe funfun tó ni ẹwà ẹ̀ ṣe máa ń pọ̀ tó. Ẹ sì wò ó o, ọkùnrin yìí ò fẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ Gíríìsì rí láyé ẹ̀. Ìlú Róòmù ló jókòó sí tó ń kọ ọ́. Àmọ́ ìwé ẹ̀ ló kọ́ ọ̀pọ̀ ará Yúróòpù bí wọ́n ṣe ń wo ère.

9. Ẹ ò tíì gbọ́ nǹkan kan. Láàárín 1937 sí 1938, British Museum ń múra yàrá tuntun sílẹ̀ fún àwọn ère yìí. Joseph Duveen, olówó tó ń ta iṣẹ́ ọnà, ló san owó yàrá náà. Ó fẹ́ kí àwọn ère náà funfun. Àwọn òṣìṣẹ́ bá mú irin bàbà àti òkúta tí wọ́n fi ń lọ irin, wọ́n ń HỌ ara ère tó ti lé ní ẹgbẹ̀rún méjì ọdún. Wọ́n họ ọ́ bí ẹni ń họ ìdí ìkòkò tó jóná. Ohun tó wà lójú òkúta látọjọ́ aláyé ti dáyé, wọ́n họ ọ́ dànù.

10. Nígbà tí àwọn ọ̀gá ibẹ̀ rí ohun tó ṣẹlẹ̀, ṣé wọ́n jáde sọ fún aráyé? Rárá. Wọ́n ṣe ìwádìí láàárín ara wọn, wọ́n sì bo èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀ mọ́lẹ̀. Ọdún 1998 ni òpìtàn kan, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì bíi tiwọn, William St Clair, gbé gbogbo ẹ̀ síta nínú ìwé ẹ̀. Ọgọ́ta ọdún gbáko! Bí irọ́ bá lọ fógún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ á bá a.

11. Nítorí náà, tí ẹ bá tún gbọ́ "wọ́n bá wọn tọ́jú ẹ̀ dáadáa", ẹ rántí irin bàbà yẹn.

12. Ohun kejì tí wọn ò sọ fún wa: ÀWỌN TÓ ṢIṢẸ́. Ní ẹ̀gbẹ́ Parthenon, ilé òrìṣà mìíràn wà tó ń jẹ́ Erechtheion. Àwọn obìnrin òkúta mẹ́fà ló fi orí ru òrùlé ọ̀dẹ̀dẹ̀ ẹ̀. Caryatid ni wọ́n ń pè wọ́n. Ọ̀kan nínú wọn wà ní London. Èyí tó dùn mọ́ mi jù ni pé àwọn ará Athens gbẹ́ ìṣirò owó ilé yẹn sára òkúta, a sì ṣì ń rí i kà títí dòní.

13. Ìṣirò yẹn fi hàn pé ọmọ ìlú, àlejò tó ń gbé ìlú, àti ẹrú jọ ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ni. Nínú òṣìṣẹ́ 86 tí a mọ ipò wọn, ọmọ ìlú jẹ́ 24, àlejò jẹ́ 42, ẹrú jẹ́ 20. Dírákímà kan ni owó iṣẹ́ òòjọ́ oníṣẹ́ ọwọ́, ì báà ṣe ọmọ ìlú, ì báà ṣe ẹrú. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé owó ẹrú, ọ̀dọ̀ ọ̀gá ẹ̀ ló ń lọ.

14. Orúkọ wọn gan-an wà níbẹ̀. Simias jẹ́ àlejò tó ń gbẹ́ òkúta. Ó kó àwọn ẹrú ẹ̀ wá síbi iṣẹ́: Sannion, Epieikes, Sosandros. Òpó ilé yẹn ni wọ́n jọ ń gbẹ́, olówó àti ẹrú, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ó ti lé ní ọdún 2,400. Sosandros ò ní ìlú tó ń jà fún un. Kò ní ère. Àmọ́ ọwọ́ ẹ̀ wà lára ilé tí gbogbo ayé ń lọ wò. Ìgbà wo lẹ gbọ́ orúkọ ẹ̀ rí?

15. Èyí ló dé tí n kì í fẹ́ gbọ́ "ọgbọ́n àwọn Gíríìkì" lásán. Ọgbọ́n àwọn wo? Owó tí wọ́n fi kọ́lé náà ńkọ́? Àwọn ìlú kéékèèké ń dá owó jọ pẹ̀lú Athens láti fi gbèjà ara wọn lọ́wọ́ àwọn ará Páṣíà. Erékùṣù Delos ni àpótí owó náà wà tẹ́lẹ̀. Ní 454 ṣáájú ìbí Jésù, Athens gbé e wá sílé. Lára owó yẹn ni wọ́n fi kọ́ ohun mèremère. Àwọn ọmọ Athens kan tiẹ̀ pariwo nígbà náà pé ìwà yìí ò dáa. Fàdákà tí wọ́n ń ná ńkọ́? Ẹrú ló ń wà á nínú ihò tóóró ní Laurion.

16. Ṣé ẹ rí i? N ò wá síbí láti sọ àwọn Gíríìkì di áńgẹ́lì. Mo máa padà sórí ìyẹn. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ dé ìdí ọ̀ràn.

17. Ohun kẹta: BÓ ṢE KÚRÒ NÍLÉ. Parthenon ti di ṣọ́ọ̀ṣì rí, ó ti di mọ́ṣáláṣí rí nígbà tí àwọn Tọ́kì Ottoman ń jọba lórí Gíríìsì. Ní 1687, àwọn ọmọ ogun Venice gbógun ti Athens. Àwọn Tọ́kì kó ẹ̀tù ìbọn pa mọ́ sínú ilé náà. Ọta àgbá já lù ú, ilé fọ́ yángá. Nítorí náà, òótọ́ ni pé ilé náà ti bàjẹ́ kí Gẹ̀ẹ́sì tó dé. N ò jiyàn ìyẹn.

18. Ní 1799, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì rán Thomas Bruce, tí wọ́n ń pè ní Lord Elgin, gẹ́gẹ́ bí aṣojú wọn lọ́dọ̀ ọba Ottoman. Ọkùnrin yìí ń kọ́ ilé ńlá lọ́wọ́ ní Scotland. Ó fẹ́ fi nǹkan Gíríìkì ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́. Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ kà á dáadáa. Kì í ṣe "kí aráyé lè rí i." ILÉ Ẹ̀ ni.

19. Láti 1801, àwọn òṣìṣẹ́ ẹ̀ gun Parthenon. Ayàwòrán ará Ítálì kan, Giovanni Battista Lusieri, ló ń darí wọn. Wọ́n tú àwọn ère tó ṣì wà lára ilé. Àwọn èyí tó wúwo jù, wọ́n fi ayùn rẹ́ ẹ̀yìn wọn kúrò kó lè ṣeé gbé. Edward Daniel Clarke, arìnrìn-àjò Gẹ̀ẹ́sì tó wà níbẹ̀, sọ pé nígbà tí wọ́n ń sọ ọ̀kan kalẹ̀, òkúta ńlá mìíràn já lulẹ̀ ó sì fọ́. Ó ní olórí ọmọ ogun Tọ́kì tó ń ṣọ́ òkè náà, tó ti ń gba ẹ̀bùn lọ́wọ́ wọn, yọ pìpá kúrò lẹ́nu, omi bọ́ lójú ẹ̀, ó ní: ó tó!

20. Ẹni tó gba rìbá gan-an sunkún o.

21. Ìwé àṣẹ ńkọ́? Ohun tí British Museum ń sọ ni pé Elgin gba àṣẹ, òfin sì wà lẹ́yìn ẹ̀. Ó dáa. Ẹ gbé ìwé náà wá ká kà á. Kò sí ẹni tó rí ojúlówó ìwé àṣẹ yẹn títí dòní. Ìtumọ̀ ẹ̀ ní èdè Ítálì nìkan ló wà. Ohun tí ìtumọ̀ yẹn sì sọ ni pé kí wọ́n jẹ́ kí àwọn ayàwòrán yàwòrán, kí wọ́n wọn ilé, kí wọ́n gbẹ́ ilẹ̀, kí wọ́n má sì dí wọn lọ́wọ́ tí wọ́n bá fẹ́ mú òkúta mélòó kan tó ní ìkọ̀wé tàbí ère. Mélòó kan! Ṣé ìlàjì ère ilé ni mélòó kan?

22. Ní 2024, níbi ìpàdé UNESCO, aṣojú Tọ́kì fúnra ẹ̀ sọ pé àwọn ò mọ ìwé kankan tó fún Elgin ní irú àṣẹ bẹ́ẹ̀. Àwọn tí wọ́n ní ó fún un láṣẹ ló ń sọ̀rọ̀ yẹn o.

23. Ká tiẹ̀ ní ìwé wà. Ta ló kọ ọ́? Àjòjì tó fi ogun gba ilẹ̀ Gíríìsì. Tí ẹni tó gba ilé bàbá yín lọ́wọ́ yín bá kọ̀wé fún aládùúgbò pé kó wá tú ilẹ̀kùn àti fèrèsé ibẹ̀ lọ, ṣé ilẹ̀kùn yẹn ti di ti aládùúgbò nìyẹn?

24. Ìtàn ọ̀nà gan-an tó bàǹtàbanta. Ní 1802, ọkọ̀ Elgin kan, Mentor, kó àpótí mélòó kan, ó sì rì sítòsí erékùṣù Kythera. Àwọn òmùwẹ̀ Gíríìkì tí iṣẹ́ wọn ni láti máa wá kànìnkànìn inú òkun, ni wọ́n ń rì wọ ìsàlẹ̀ láti gbé àwọn òkúta náà jáde, láìsí ẹ̀rọ ìmísí. Nǹkan bí ọdún méjì ni wọ́n fi ṣe é. Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀: àwọn ọmọ onílé ló fẹ̀mí wewu láti bá olè gbé ẹrù. Òun náà, ta ló ń sọ ọ́?

25. Gbèsè wá bá Elgin. Ní 1816, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Gẹ̀ẹ́sì ra gbogbo ẹ̀ lọ́wọ́ ẹ̀ ní £35,000, wọ́n gbé e fún British Museum. Owó náà ò tó ìdajì ohun tó ní òun ná. Nígbà yẹn náà, àwọn Gẹ̀ẹ́sì kan bínú. Lord Byron, akéwì wọn, bú Elgin burúkú burúkú. Nítorí náà, ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni sọ fún yín pé "bí ayé ṣe rí nígbà yẹn nìyẹn." Nígbà yẹn gan-an, àwọn èèyàn mọ̀ pé kò dáa.

26. Yorùbá ní ẹni tó gbé epo lájà kò jalè bí ẹni tó gbà á sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn ò kan London nìkan. Ní 1972, Metropolitan Museum ní New York ra ìkòkò wáìnì Gíríìkì kan tí Euphronios ya àwòrán sí lára, ní nǹkan bíi mílíọ̀nù kan dọ́là. Wọ́n sọ fún aráyé pé ìdílé kan ló ni ín tipẹ́. Irọ́ ni. Àwọn tó ń tú sàréè ló hú u níbi ìsìnkú àtijọ́ kan ní Cerveteri, Ítálì, ní 1971. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, ẹ̀rí kún ilẹ̀, New York dá a padà ní 2008. Cerveteri ló wà báyìí. Ṣé ìkòkò náà fọ́? Ṣé New York wó? Wọn ò kúkú kú.

27. Ó yá, ẹ jẹ́ ká dá àwọn tó ń gbè sẹ́yìn London lóhùn.

"Ibẹ̀ ni gbogbo ayé ti lè rí i lọ́fẹ̀ẹ́." Gbogbo ayé wo? Ẹ̀yin tí ẹ ti kó ìwé báǹkì lọ bẹ fún físà, tí wọ́n sì lé yín bọ̀, ṣé ẹ wà nínú gbogbo ayé yẹn? Ẹnu ọ̀nà mùsíọ́mù lọ́fẹ̀ẹ́ lóòótọ́. Ẹnu ibodè ńkọ́?

28. "Tí wọ́n bá dá a padà, mùsíọ́mù á ṣófo." Gíríìsì ò béèrè gbogbo ohun Gíríìkì tó wà ní London. Èyí tó wà lára Parthenon ni wọ́n ń fojú sí jù, torí pé nǹkan kan ṣoṣo ni wọ́n gé sí wẹ́wẹ́. Ère òrìṣà Poseidon, igbá àyà ẹ̀ pín sí méjì: apá kan ní Athens, apá kan ní London. Ẹ sọ fún mi ìwé wo lẹ máa ya sí méjì tí ẹ máa sọ pé ó dáa káwọn kan ka ìdajì ní ibí, káwọn kan ka ìdajì lọ́hùn-ún.

29. "Wọn ò níbi tí wọ́n máa gbé e sí." Irọ́ àtijọ́ nìyẹn. Láti 2009 ni Acropolis Museum ti ṣí ní Athens, tí ẹ bá wà lókè ẹ̀, ẹ̀ ń wo Parthenon látojú fèrèsé. Caryatid márùn-ún dúró níbẹ̀. Wọ́n fi àyè ẹnì kẹfà sílẹ̀ lófìfo. Ìtàn kan wà tí wọ́n máa ń sọ ní Athens pé lálẹ́, àwọn tó kù máa ń sunkún arábìnrin wọn. Ìtàn àròsọ ni. Àyè tó ṣófo yẹn kì í ṣe àròsọ.

30. "London ni ọwọ́ tó dáa jù." Ní oṣù kẹjọ 2023, British Museum fẹnu ara wọn sọ pé nǹkan ń sọnù lọ́dọ̀ àwọn. Wọ́n lé òṣìṣẹ́ kan. Nǹkan bí 2,000 ohun àtijọ́ ni wọ́n ní ó sọnù tàbí ó bàjẹ́, òkúta iyebíye Gíríìkì àti Róòmù wà lára wọn. Oníṣòwò kan ti kìlọ̀ fún wọn láti 2021, wọ́n ní kò sí nǹkan. Ọ̀gá àgbà fi iṣẹ́ sílẹ̀. Tó bá jẹ́ Athens tàbí Èkó ni èyí ti ṣẹlẹ̀, ẹ mọ ohun tí wọn ì bá sọ nípa wa.

31. "Òfin ò gbà." Òótọ́ ni, òfin British Museum ti 1963 ò jẹ́ kí wọ́n kàn fa nǹkan kalẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ló ṣe òfin? Nígbà tó kan àwọn iṣẹ́ ọnà tí àwọn Násì jí lọ́wọ́ àwọn Júù, ilé ẹjọ́ sọ ní 2005 pé òfin yẹn ò gbà kí mùsíọ́mù dá wọn padà. Kí ni ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ṣe? Wọ́n ṣe òfin tuntun ní 2009 tó fàyè gbà á. Ó dáa gan-an bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ó fi hàn pé òfin kì í ṣe òkè Olúmọ. Wọ́n lè sún un tí wọ́n bá fẹ́.

32. Àwọn mìíràn ti bẹ̀rẹ̀. Yunifásítì Heidelberg ní Jámánì dá èékún Parthenon kan padà ní 2006. Palermo dá tiwọn padà ní 2022. Póòpù Francis dá mẹ́ta tó wà ní Vatican padà ní 2023. London ṣì jókòó tì í, pẹ̀lú nǹkan bíi mítà 75 nínú mítà 160 yẹn.

33. Ẹ lè bi mí pé, kí ló kàn ẹ́ níbẹ̀? Ṣé Gíríìkì ni bàbá ẹ? Ẹ gbọ́ èyí. Ní 1910, Leo Frobenius, ará Jámánì, dé Ilé-Ifẹ̀. Ó rí orí idẹ tí wọ́n ń pè ní Olókun. Ó rẹwà ju ohun tó rò pé èèyàn dúdú lè ṣe. Ó bá kéde fáyé pé àwọn Gíríìkì láti Atlantis, ìlú àròsọ tó rì sínú òkun, ló gbé ọgbọ́n yẹn dé ọ̀dọ̀ wa. Iṣẹ́ bàbá wa ló gbà lọ́wọ́ wa fún Gíríìkì tí kò sí!

34. Ẹ ò rí i pé ọ̀rọ̀ kan náà ni? Wọ́n họ àwọ̀ kúrò lára Gíríìkì kó lè funfun, wọ́n sì fi funfun yẹn bo iṣẹ́ tiwa mọ́lẹ̀. Lára àwọn orí tí wọ́n hú ní agbo ilé Wúnmọníjẹ̀ ní Ifẹ̀ ní 1938, ọ̀kan ti wà ní British Museum láti 1939. Àwọn idẹ Benin tí ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì kó ní 1897 wà níbẹ̀ náà. Òfin 1963 kan náà ni wọ́n fi ń dá àwọn Gíríìkì lóhùn, òun ni wọ́n fi ń dá wa lóhùn.

35. Nítorí náà, nígbàkigbà tí ọmọ Nàìjíríà bá kọ ọ́ sábẹ́ fídíò pé "ẹ jẹ́ kó wà lọ́dọ̀ wọn, wọ́n mọ ìtọ́jú", kì í ṣe Gíríìkì ló ń dá lẹ́jọ́. Orí Ifẹ̀ ló ń fọwọ́ sí ìwé ẹ̀ pé kí wọ́n máa mú lọ.

36. Mo ní mo máa padà sórí àwọn Gíríìkì. Tí London bá dá àwọn ère náà padà lọ́la, ìjà mi ò tíì tán. Mo fẹ́ kí Athens náà sọ ọ̀rọ̀ Sosandros sójú táyé. Mo fẹ́ kí wọ́n sọ̀rọ̀ owó Delos, àti ẹrú tó kú sínú ihò Laurion. Ẹni tí wọ́n jí nǹkan ẹ̀ náà lè ní ohun tó ń fi pa mọ́. Ìyẹn ò sọ olè di olóhun.

37. Ohun tí mo ń bẹ̀ yín fún nìyí, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe fídíò bíi tèmi. Tí ẹ bá dúró síwájú ohun àtijọ́, ì báà jẹ́ ní London, ní Ifẹ̀, ní ibikíbi, ẹ bi í ní ìbéèrè mẹ́ta kí ẹ tó tan fóònù: Báwo lo ṣe rí nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe ọ́? Ta ló fi ọwọ́ ara ẹ̀ ṣe ọ́? Báwo lo ṣe dé ibí? Tí àkọlé ò bá dáhùn, ẹ sọ ọ́ nínú fídíò yín pé kò dáhùn. Ìyẹn nìkan ti tó iṣẹ́.

38. Mo ti yọ fídíò àtijọ́ yẹn kúrò. Ẹni tó bi mí nígbà yẹn, tó o bá ṣì ń tẹ̀ lé mi: má bínú pé mo fi ẹ̀rín dá ẹ lóhùn. O bi mí báwo ló ṣe dé ọ̀dọ̀ wọn. Ayùn ni wọ́n fi gé e, ọkọ̀ ojú omi ló gbé e, ìwé tí ẹnikẹ́ni ò rí ni wọ́n fi ń gbèjà ẹ̀. Ó tì mí lójú pé mo pẹ́ kí n tó sọ ọ́ fún ẹ.